Ìwé Ikú Àwọn Obìnrin

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Bàámi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún Màámi ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn báyìí? Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ tí ẹ ò fèsì. Ẹ kì í kúkú ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ń wá bá yín ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà, ẹ máa ń dá a lóhùn. Àbí kí èmi náà wá tò ni?

Mo ti kúrò níbi tí mo ti ń tẹ̀wé. Mo ti rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní òkèèrè níbí, tí a ti ń ka àwọn tó kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé ẹni bíni là á jọ. Yàrá kékeré ni, lórí àjà kẹta, tábìlì mẹ́rin, fèrèsé kan tí kì í ṣí. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó máa ń ti pẹ́ńsù bọ irun, á wá máa wá a kiri.

Iṣẹ́ wa rèé. Àwọn ológun ilé wa kọ̀ láti sọ iye ọmọ ogun tó ti kú láti ọdún mẹ́ta tí ogun ti ń jà. Ṣùgbọ́n ìwé ikú ìlú wà. A ó wo iye ọkùnrin tó ń kú kí ogun tó dé, láti ẹni ọdún méjìdínlógún sí márùndínláàádọ́ta. A ó wo iye tó ń kú báyìí. Lẹ́yìn náà, a ó wo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn, nítorí obìnrin kì í lọ sójú ogun. Bí ó bá jẹ́ ebi tàbí àìsàn ló mú kí ikú pọ̀ sí i, tọkùnrin tobìnrin ni yóò bá jà. Èyí tó bá wá ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, ogun ló pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da ti agbègbè wa kọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọdún mẹ́ta kí ogun tó dé àti ọdún mẹ́ta ogun. Kì í ṣe àṣírí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó iwájú ọ́fíìsì lópin ọdún. Ní àwọn agbègbè yòókù, òjò ti ba ìwé jẹ́, tàbí eku ti jẹ ẹ́, tàbí akọ̀wé ti sá lọ. Mo ti fọ́nnu fún ọ̀gá mi pé kò sí akọ̀wé ìwé ikú tó mọ iṣẹ́ bíi bàbá mi. Ẹ má dójú tì mí o.

Ọmọ yín,
Oníṣirò


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Oníṣirò mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n tún ti lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kò tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń lẹ nǹkan. Ara mi le. Ìyá rẹ ní òun ò bá àtẹ̀gùn jà, àtẹ̀gùn ló ń bá òun jà, kí o fi bàtà tó nípọn nísàlẹ̀ ránṣẹ́. Ní tèmi, gíláàsì ojú ni mo fẹ́, nítorí ìwé ti ń ṣe bàìbàì mọ́ mi lójú.

Má bínú pé n kò fèsì. Iṣẹ́ ló pọ̀. Láyé àtijọ́, mo lè kọ ìwé ọ̀sẹ̀ kan tán kí n tó jẹun àárọ̀. Nísinsìnyí, àwọn èèyàn á ti tò dé ojú pópó kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Iye tí o béèrè rèé, bí ó ṣe wà lórí pátákó. Ọdún mẹ́ta kí ogun tó dé: ọkùnrin 270, obìnrin 270. Ikú kì í ṣojúsàájú nígbà yẹn. Ọdún mẹ́ta ogun: ọkùnrin 500, obìnrin 470.

Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ṣé o ò lè lo ti ibòmíràn? Agbègbè wa kéré. Akọ̀wé ń darúgbó, ọwọ́ sì ń gbọ̀n. Bí eku tilẹ̀ ti jẹ ìwé àwọn yòókù, wò ó mọ́ tèmi. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Bàbá rẹ,
Akọ̀wé


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ ní ọwọ́ ń gbọ̀n! Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló kọ 470 bí ẹni fi rúlà fà á yìí? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn. Gbogbo ọ́fíìsì ló gba ìwé yín wò, ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

Ìwé agbègbè mẹ́fà ló wà níwájú mi. Márùn-ún nínú wọn, ojú ìwé ti sọnù níbẹ̀, mo bá kó wọn tì. Ọ̀gá mi ní kí n fara balẹ̀, kí n lò wọ́n mọ́ tiyín, pé ìwé tó ya ṣì lè sọ̀rọ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi omi ẹrẹ̀ ṣe nígbà tí mo ní omi mímọ́ lọ́wọ́? Ó gbà fún mi.

Ohun tó jáde rèé. Àwọn ọkùnrin fi 30 ju àwọn obìnrin lọ, ìyẹn ni pé ogun pa ọgbọ̀n èèyàn ní agbègbè wa. Igba ni àwọn agbègbè bíi tiwa. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọmọ ogun ló ti kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ti rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. A ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ìwé ìròyìn mẹ́ta ti gbé e, orúkọ mi sì wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ikú àwọn obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn náà pé ó ní láti jẹ́ pé ibà kan ló ń pa àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ibà wo ni, Bàámi? Ṣé àwọn tí a jọ lọ sílé ìwé wà lára wọn? Ẹ̀ ń kọ̀wé sí mi, ẹ ò sì mẹ́nu bà á. Ẹ kọ orúkọ wọn sí mi, kódà kó jẹ́ pé yóò pa mí lẹ́kún.

Bàtà Màámi àti gíláàsì yín wà lọ́nà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà

Bàámi,

Oṣù méjì ti kọjá. Ṣé ẹ ò rí lẹ́tà mi gbà ni, àbí mo ṣẹ̀ yín? Ọ̀gá mi ń béèrè nípa ibà náà. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú lẹ́tà, kí n lè rí i kà.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Oníṣirò mi,

Ẹnikẹ́ni kò ní ṣí èyí kó tó dé ọwọ́ rẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló gbà láti rán an mọ́ inú aṣọ rẹ̀. Ó ń bọ̀ wá bá ọkọ rẹ̀ ní ìlú tí o wà. Fún un lóúnjẹ, má sì da ìbéèrè bò ó.

Mo gba gbogbo lẹ́tà rẹ. Mo kàn ń jókòó tì wọ́n ni. Ojú ló ń tì mí.

Kò sí ibà kankan.

Lẹ́yìn ọdún kìíní ogun, àwọn ológun pàṣẹ pé a ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó bá kú sójú ogun sínú ìwé ìlú mọ́, àfi bí ogun bá parí. Wọ́n wá ń rán sájẹ́ǹtì kan láti máa yẹ ìwé mi wò lóṣooṣù. Olójú-Mẹ́rin là ń pè é nítorí gíláàsì rẹ̀. Ó máa ń fi ìka tẹ̀ lé ìwé àwọn ọkùnrin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé àwọn obìnrin, kò ṣí i rí. Ó ní kí ni obìnrin ń wá lójú ogun.

Àwọn ìyá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ òpópónà wa ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀rẹ́ àkọ́bí rẹ̀ ti kọ̀wé sí i láti ojú ogun pé ọwọ́ òun lòun fi sin ín. Ilé iṣẹ́ tó ni yàrá tí aya ọmọ náà ń gbé ti ní kó mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, kí wọ́n lè fi orúkọ opó sórí yàrá náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó jáde tòun tọmọ. Mo ní òfin kò gbà mí láyè. Kò pariwo. Ó ní, “Akọ̀wé, ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ síbì kan. Mo bímọ, ọmọ kú, kò wá sí níbì kankan?”

Mo ṣí ìwé àwọn obìnrin, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ wa ni ọkùnrin ń jẹ́ tí obìnrin ń jẹ́, bó o ṣe mọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí à ń fún ẹbí kò sì béèrè èwo ni. Orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́ ikú àti nọ́ńbà ojú ìwé ló wà lórí rẹ̀. Níbi ohun tó pa á, mo kọ ibà. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá méjì wá. Nígbà tó yá, bí ìyá kan bá ti wọlé tí kò lè sọ̀rọ̀, ìwé àwọn obìnrin ni mò ń nawọ́ sí.

Ogóje ni wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. O ṣàlàyé yékéyéké ohun tí o fẹ́ fi iye àwọn obìnrin ṣe. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ń ṣí lẹ́tà, pé “ọ̀nà kan ò wọjà” á yé ọ. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Ẹ̀rù bà mí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì dùn mọ́ mi pé ò ń fi mí yangàn.

Wọ́n ti ka ẹgbẹ̀rún mẹ́fà rẹ lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn ará òkèèrè pàápàá ti jẹ́rìí pé ogun yìí kò pa èèyàn púpọ̀, nítorí náà, ilé tó ti fi ọmọ kan sílẹ̀ lè fi èkejì sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì nígbà tí ọkọ̀ wá kó wọn. Ọmọ kejì oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Ó kí mi. 

Ó tún ku kan. Nítorí ibà tí o kọ, ilé iṣẹ́ ìlera ń rán dókítà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án láti wá yẹ ìwé àwọn obìnrin wò, kó sì dé ilé àwọn tó kú. Mi ò sọ pé kí o gbà mí. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti gbọ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ

Bàámi,

Nọ́ọ̀sì jẹun, ó yó. Awakọ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ mọ̀ ló mú èyí bọ̀.

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Mo kọ́kọ́ bínú, mo kọ lẹ́tà kan tí mo ti fà ya. Bàámi, “má lò ó,” kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹ̀ ń pa òwe fún ọmọ tó jókòó ti rúlà!

Ṣùgbọ́n èmi ni mo kó ìwé márùn-ún tì. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi. Ká ní akọ̀wé ibòmíràn ló fi 470 obìnrin ránṣẹ́, n bá ti béèrè pé ikú wo rèé kí n tó gbé e jáde. Nítorí pé ìwé bàbá mi ni, mo dá ibà sílẹ̀ fún un látinú orí ara mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Èmi ni mo fa ọmọ oníbúrẹ́dì wọnú ọkọ̀ yẹn. Mo ń gbìyànjú láti má rántí ojú rẹ̀, kò sì ṣeé ṣe, torí òun ló máa ń fi búrẹ́dì gbígbóná há mi lọ́wọ́ nígbà tí mo bá ń lọ sílé ìwé.

Mo ti tún ìṣirò náà ṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbé síwèé obìnrin, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì mí lọ́nà: ó dín ọkùnrin kù, ó tún sọ obìnrin di púpọ̀. Nítorí náà, ogóje yín fi 280 ba iye mi jẹ́. Kì í ṣe 30 ni ogun pa ní agbègbè wa, 310 ni. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta ni.

Mo rí ọ̀nà kan tí a fi lè sọ ọ́ láì fọwọ́ kan yín. Bí mo bá da ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ sójú kan, ibi yòówù kí ẹ kọ ènìyàn sí, àpapọ̀ kò ní yí. 540 ni kí ogun tó dé, 970 ní ìgbà ogun; 430 ló lé. Mo wá padà sínú ìwé márùn-ún tó ya yẹn, mo fi ikú àwọn ìyá àgbà tó wà níbẹ̀ díwọ̀n ohun tí ebi àti àìsàn fi kún ikú, torí kò sẹ́ni tó ń fi ọmọ ogun pamọ́ sáàárín àwọn arúgbó. Ní agbègbè wa, ó jẹ́ 120. 310 náà ló ṣẹ́ kù.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní àṣìṣe tèmi ni, pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, pé mo kàn fojú inú rí ibà ni.  Ó ní, “Ṣé bàbá rẹ ṣì wà láyè?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Àtúnṣe náà yóò jáde láìpẹ́, orúkọ mi ni yóò wà lábẹ́ àṣìṣe, lẹ́yìn náà n ó kó ẹrù mi kúrò lórí tábìlì. Bóyá bí wọ́n bá rí i pé kò sí ibà, dókítà ò ní wá mọ́.

Ẹ forí jì mí. Ẹ fèsì kíá.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá

Bàámi, Màámi,

Ohun tí mo sọ ti jáde. Mi ò gbọ́ pé wọ́n kà á lórí rédíò yín. Mo ti rí iṣẹ́ sílé tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ara mi le. Ẹ kọ “àlàáfíà la wà” péré sórí pépà, kí ẹ fi ránṣẹ́. Mi ò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá

Oníṣirò mi,

Àlàáfíà la wà títí di òní. Awakọ̀ rẹ pẹ́ lójú ọ̀nà; òun náà ni yóò mú èyí bọ̀ wá bá ọ. Dókítà ti wá, ó ti lọ, kí lẹ́tà rẹ tó dé.

Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó nítara, ó fẹ́ wo ibà náà sàn ní tòótọ́. Ó da àdírẹ́sì mọ́kànlá kọ nínú ìwé àwọn obìnrin, lára àwọn tí mo kọ ibà sí, ó ní kí n mú òun lọ. Olójú-Mẹ́rin tẹ̀ lé wa. Mo ti di aṣọ méjì àti ọṣẹ sínú àpò láàárọ̀, nítorí mo mọ ibi tí n ó sùn.

Ilé oníbúrẹ́dì la kọ́kọ́ dé. Àwòrán àkọ́bí wọn wà lára ògiri, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n. Dókítà ní, “Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣé ọmọbìnrin yín ni ibà pa?”

Ó wo dókítà. Ó wo sájẹ́ǹtì. Ó wò mí. Ó wá rọra sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bo àwòrán náà. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin mi ni.”

Dókítà bi í bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní orí ló kọ́kọ́ fọ́ ọ. Ó ní ara rẹ̀ gbóná, òun gbé orí rẹ̀ lé itan òun, ó ń béèrè omi, òun sì fún un. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Olójú-Mẹ́rin ṣí fìlà.

Ilé mọ́kànlá la dé, kò sí ìyá kan tó tú àṣírí mi. Mi ò bẹ̀ wọ́n, mi ò ránṣẹ́ sí wọn. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí àtúnṣe rẹ jáde, ìwé dókítà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní ibà wà, dókítà ti fojú rí i, ẹni tó ní kò sí ibà sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò mọ ìṣirò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni wọ́n ṣì ń kà.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo ti bọ́. Ó ní, “Ìwọ bọ́. Àwọn ńkọ́?”  Mo gbà pé ẹjọ́ mi ni. Ìyá mọ́kànlá ló sẹ́ ọmọ wọn lójú mi, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó oníbúrẹ́dì ló wà níwájú nígbà tí mo dé ọ́fíìsì. Àwọn ìyá tó kù tò sẹ́yìn rẹ̀, ìlà náà yí kọ́nà. Ó gbé ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, “Akọ̀wé, oore lẹ ṣe wá, a ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo ti pe ọmọ mi lóhun tí kò jẹ́ níwájú àlejò. Ẹ ṣí ìwé, kí ẹ kọ ọ́ síbi tirẹ̀.”

Mo ní Olójú-Mẹ́rin ń bọ̀ lópin oṣù. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wá bá gbogbo wa níbí.” Mo ní ìwé ẹ̀rí yẹn kò ní wúlò mọ́, yàrá tí aya ọmọ rẹ̀ ń gbé ńkọ́? Ó ní bí wọn yóò bá lé opó jáde, kí wọ́n lé ogóje jáde lọ́jọ́ kan náà, kí gbogbo ayé wá wòran.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo fi yíǹkì pupa fa ìlà la orúkọ wọn nínú ìwé àwọn obìnrin, mo kọ wọ́n sínú ti àwọn ọkùnrin, mo sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi ohun tó pa wọ́n, mo kọ ogun. Ọkùnrin 640, obìnrin 330. Ẹ̀dà rẹ̀ ló wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú àǹtẹ̀. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ. Dárúkọ agbègbè wa, dárúkọ mi. O ti fi orúkọ rẹ bo tèmi, mi ò sì rí ẹnu dúpẹ́, nítorí kò yẹ kí n jẹ́ kó o ṣe é. Má fi mí pamọ́ mọ́.

Ìyàwó oníbúrẹ́dì jókòó tì mí títí mo fi kọ tirẹ̀ tán. Ó ní kí n kà á sókè, mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tó dìde, ó ní, “Àbúrò rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún o, Akọ̀wé. Bí wọ́n bá kọ̀wé tirẹ̀ wá, ìwé àwọn ọkùnrin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́, mà.”

Bàbá rẹ